Yàrá tí Hamdalah Ṣe Lọ́ṣọ̀ọ́ De Ọmọ Rẹ̀

Raheem, ọkọ Hamdalah, awakọ̀ akẹ́rù ni. Ojú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ló kú sí. Hamdalah ṣe opó tán, owó ilé tán pẹ̀lú, onílé sì ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ fún ọ̀gá rẹ̀ ní Ìkọ̀tún ni òun àti Aasiyah, ọmọbìnrin rẹ̀, wá ń sùn, lórí ẹní, lábẹ́ tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ.

Ibẹ̀ ni Alhaja Mọ̀dínátù, ìyá Raheem, bá wọn lọ́jọ́ kan. Kò jà, kò sì gbóhùn sókè. Ó gbé ọmọ náà pọ̀n, ó fi ìborùn rẹ̀ ṣe ọ̀já.

"Ọmọ Raheem ò ní sùn sí ṣọ́ọ̀bù," ó ní. "Ọjọ́ tó o bá ní ilé tó jọ ilé, wá pè mí kí n wá wò ó."

Ó sì gbé e lọ sí Bàrúwà. Aasiyah ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà.

Ó lé lọ́dún kan kí Hamdalah tó rí yàrá kan gbà ní Ègàn. Wọ́n rẹ́ ògiri rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò kùn ún. Sìmẹ́ńtì ilẹ̀ rẹ̀ ti ń bó, ojú fèrèsé rẹ̀ ò ní nǹkan kan ju irin lọ. Ó dúró sáàárín yàrá náà, ọ̀rọ̀ Alhaja sì ń dún létí rẹ̀: ilé tó jọ ilé. Kò dúró kó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó gba Bàrúwà lọ, ó kúnlẹ̀, ó ní kí Alhaja jọ̀ọ́ wá lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ìparí oṣù, lẹ́yìn ìrun àìlà. Ìgbà tó ń padà bọ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó máa fi tún un ṣe.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣagbe. Ó bẹ àwọn akunlé tó ń ṣiṣẹ́ ní òpópónà kejì fún ìsàlẹ̀ ọ̀dà wọn, ó da funfun pọ̀ mọ́ yẹ́lò, ó sì rí àwọ̀ kan tó dà bí ẹ̀kọ gbígbóná. Òun fúnra rẹ̀ ló kùn ún, tó to àga lérí àga kó lè kan òkè. Ó ra bẹ́ẹ̀ṣíìtì òkìrìkà, ó gé e, ó rán an ní kọ́tìnì. Ó gba pátákó tí wọ́n fi ń kó táìlì lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù kan, ó kàn án pọ̀ ní ibùsùn, ó gbé fóòmù lé e. Ó lọ bá fọkanáísà, ó gba táyà méjì tí kò wúlò mọ́, ó fọ̀ wọ́n, ó fi okùn wé wọn yíká títí wọ́n fi di àpótí ìjókòó. Gbogbo àgékù aṣọ tó bọ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ló ń ṣà bọ àpò. Ó rán wọn pọ̀, léèsì mọ́ ańkárá, ańkárá mọ́ àdìrẹ, títí ó fi di aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ńlá kan.

"Hamdalah, o ò jẹun," Fọlákẹ́ máa ń wí. Yàrá Fọlákẹ́ ló kọjú sí tirẹ̀ nínú ọgbà náà, irun ló ń ṣe. "Ṣé kọ́tìnì ni ọmọ ń jẹ ni?"

"Jẹ́ kó kọ́kọ́ wọlé ná. Ohun tó máa jẹ á wá."

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Orúnkún ń dun Alhaja, kò lè jókòó sílẹ̀, ojú á sì ti Hamdalah láti fi táyà lọ ìyá ọkọ rẹ̀. Ó lọ sọ́dọ̀ Promise, ẹni tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ní Ìgàndó. Àga onítìmùtìmù kan wà níbẹ̀, àwọ̀ búlúù, apá rẹ̀ méjèèjì ṣì le dáadáa.

"Àǹtí, àga gidi nìyẹn," Promise ní. "Àwọn tó jápa lọ Kánádà ló tà á."

Hamdalah bá a rán ẹ̀wù sí tìmùtìmù mẹ́fà mìíràn, Promise sì gbé àga náà fún un. Ó fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e délé. Nígbà tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnì, ó jókòó lé e, ó wo yàrá náà yíká, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ilé ni lóòótọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó pè é ní ẹ̀fọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó kírun àsùbáà tán, ó ń tẹ́ aṣọ àgékù náà sórí ibùsùn, ni ó rí nǹkan pupa kan tó ń rìn lórí léèsì funfun. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ni, òórùn rẹ̀ sì kún imú rẹ̀. Ó dojú àga búlúù náà délẹ̀, ó ya aṣọ ìdí rẹ̀. Ìdun ló tò sójú ìrán bí ìgbà tí wọ́n to ìlẹ̀kẹ̀. Ó gbé fóòmù sókè: wọ́n ti débẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ kọ́tìnì: wọ́n ti débẹ̀ náà.

Ó jókòó sílẹ̀, kò lè sunkún.

"Pe Alhaja," Fọlákẹ́ ní nígbà tó rí i. "Ní kí wọ́n má wá lónìí."

"Tí mo bá sún un síwájú, á ní mi ò tíì ní ilé. Fọlákẹ́, kò ní wá mọ́."

Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jáde. Wọ́n gbé omi kaná, wọ́n ń da gbígbóná sórí pátákó, sórí aṣọ, sórí táyà. Aṣọ àgékù náà súnkì, aró inú rẹ̀ sì ṣàn wọnú ara wọn. Hamdalah ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ojú pátákó, omi gbígbóná ta sí i lẹ́sẹ̀, kò dúró. Nígbà tí wọ́n pe ìrun àìlà, kò sí nǹkan kan nínú yàrá yẹn ju ọ̀dà ara ògiri lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ tó gbé Alhaja wá ṣe bá a, láìbo orí, láàárín ẹrọ̀fọ̀. Aasiyah wọ gáùn tuntun. Ó ti ga. Ó sá sẹ́yìn ìyá àgbà, ó ń yọjú.

"Ẹ káàbọ̀, mà," Hamdalah ní, ó kúnlẹ̀ sínú omi.

Alhaja wo ẹrù tó kún ilẹ̀. "Ṣé wọ́n tún ti lé ẹ jáde ni?"

Irọ́ ti dé ètè Hamdalah. Ó lè ní òun ń fọṣọ ni. Ṣùgbọ́n ó wo apá ọmọ náà tó ń dán, ó rántí pé orí ibùsùn yẹn ló máa sùn.

"Ìdun ni, mà. Àga tí mo rà fún yín ló gbé e wọlé."

Alhaja wọ inú yàrá lọ, òun nìkan, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí Hamdalah yọjú, ó bá a tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri.

"Ta ló kùn ún?"

"Èmi ni, mà."

Alhaja jáde, ó jókòó sórí ọ̀kan nínú táyà náà, ó na orúnkún rẹ̀.

"Hamdalah, mo ti ń bẹ Ọlọ́hun kí yàrá yìí má dára," ó ní. "Kí n lè rí àwáwí fi gbé ọmọ yìí padà. Mo ti rí i báyìí." Ó fi etí gèlè nu ojú. "Tó bá sùn, ẹnu rẹ̀ máa ń là díẹ̀, bíi ti bàbá ẹ̀. Bí mo bá fi í sílẹ̀, ta ni n máa wò?"

"Èmi náà ń wá ojú yẹn, mà. Mi ò ní nǹkan bàbá ẹ̀ kan mìíràn."

Alhaja dìde, ó mú Aasiyah lọ́wọ́. "Kì í ṣe òní," ó ní.

Hamdalah tẹ̀ lé wọn dé ibi kẹ̀kẹ́, ó di irin rẹ̀ mú. Awakọ̀ ní kó jọ̀ọ́ jáwọ́. Kò jáwọ́. Ó kàn di irin mú, ọmọ náà sì ń sunkún nítorí ẹ̀rù Hamdalah ń bà á. Ẹkún yẹn ni Hamdalah gbọ́ tó fi jẹ́ kí Fọlákẹ́ já ìka òun kúrò.

Ó dáná sun àga náà lọ́jọ́ yẹn. Yàrá Fọlákẹ́ ló ń sùn, ojoojúmọ́ ló sì ń gbé omi kaná, tó ń fín oògùn, tó ń tún un fín, kódà nígbà tí kò rí ìdun kankan mọ́. Kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Aṣọ àgékù tó ti súnkì yẹn, ó fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri, nítorí kò tó ibùsùn mọ́.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, láìránṣẹ́ síwájú, Alhaja wọlé. Ó fa Aasiyah lọ́wọ́ kan, ó gbé báàgì aṣọ ọmọ náà lọ́wọ́ kejì. Kò jókòó.

"Àwáwí mi ti tán. Gbogbo Jímọ̀ ni n máa wá wò ó," ó ní. "Má tilẹ̀kùn mọ́ mi."

"Ilé yín ni, mà."

Alhaja fa ọmọ náà mọ́ra, ó fẹnu kàn án lórí, ó sì jáde kíákíá, bí ẹni tí nǹkan ń lé.

Hamdalah ti rò pé lọ́jọ́ tí èyí bá ṣẹlẹ̀, òun á jó. Kò jó. Aasiyah dúró sáàárín yàrá, ó di báàgì mú mọ́ àyà, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó wo ògiri, ó wo kọ́tìnì, ó wá wo obìnrin náà.

"Àǹtí," ó ní, "ìgbà wo la máa lọ sílé?"

Hamdalah ṣí ìkòkò ìrẹsì. "Jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹun ná," ó ní.

Ọmọ náà lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, níbi tó ti lè rí òpópónà. Hamdalah bu ìrẹsì wá, ó jókòó tì í. Kò fọwọ́ kàn án. Ó gbé abọ́ náà sáàárín àwọn méjèèjì, ó sì ń dúró.