Ìyá Treasure Láti Ìgbòho

Ládòkun dé ẹnu ọ̀nà ilé náà ní Ṣakí, ó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, àmọ́ kò pa ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà rẹ̀. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn obìnrin láti ojú fèrèsé. Eruku ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ti bò ó nípèǹpéjú, ọyẹ́ òwúrọ̀ sì ti mú kí ìka rẹ̀ le gan-an. Ó fọwọ́ kan báàgì tó gbé kọ́ àyà. Tó bá yí ọ̀kadà padà báyìí, yóò ṣì bá èrò ní Ìgbòho, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀ pé ó wá.

Ọ̀dọ́bìnrin kan yọjú sí i. "Ẹ káàárọ̀ o, ọlọ́kadà. Ṣé Ìyá Treasure lẹ gbé wá? Àwọn dà?"

Ládòkun pa ẹ́ńjìnnì.

Ọdún kẹta rèé tí ọ̀kadà wó lé e lẹ́sẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló fi dùbúlẹ̀ nílé bàbá kan tó ń to egungun. Ìyá kan tó ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ lórí ẹní kejì máa ń hun wúlù láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tó rí i pé ojú Ládòkun kì í kúrò lọ́wọ́ òun, ó na abẹ́rẹ́ gígùn méjì sí i. "Gbà," ó ní, "ó sàn ju kó o máa ka igi àjà lọ."

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ hun ìlà mẹ́wàá láìjá ojú wúlù kan, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹsẹ̀ san, kò jáwọ́. Ó hun fìlà, ó hun ìbọ̀sẹ̀, ó hun súwẹ́tà fún Treasure ọmọ rẹ̀. Inú yàrá ló ti ń hun gbogbo rẹ̀, á sì ti ilẹ̀kùn. Àmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ náà nìkan ló mọ̀. Àwọn ọlọ́kadà ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ló rí ẹgbẹ́ àwọn ahunwúlù Òkè-Ògùn lórí Wásáàpù. Ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ kí i káàbọ̀, ó ní, "Ìyá ta ni ká máa pè yín?" Ìka Ládòkun dúró lójú fóònù fún ìgbà díẹ̀. Ó kọ ọ́: Ìyá Treasure.

Oṣù mẹ́jọ nìyẹn. Kò fi ohùn ránṣẹ́ rí, kíkọ ló máa ń kọ. Níbẹ̀ ló ti rí àwọn tó mọ ìdí tí ènìyàn fi lè tú iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan gbáko nítorí ojú kan ṣoṣo tó yẹ̀. Òní ni wọ́n máa kọ́kọ́ fojú kan ara wọn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan máa mú ègé kan tó hun wá, wọn á sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di búláńkẹ́ẹ̀tì fún yàrá àwọn abiyamọ ní ọsibítù. Ìdájí ni Àmọ̀kẹ́ tì í jáde. "Ẹ lọ jàre. Ṣé ẹ jalè ni?"

Ó wọlé. Obìnrin bíi ogún ló kún pálọ̀.

"Ìyá Treasure ò lè wá," ó ní. "Wọ́n ní kí n gbé iṣẹ́ wọn wá."

Ó tú báàgì. Ègé tó hun náà láwọ̀ koríko ẹ̀ẹ̀rùn, okùn mẹ́ta ń lọ́ mọ́ra láàárín rẹ̀ bí irun tí wọ́n dì fún ọdún. Ìyá Bólúwadúró, tísà tó ti fẹ̀yìn tì tó ń darí ẹgbẹ́, wọ awò ojú rẹ̀, ó yí i padà.

"Ẹ wá wo ẹ̀yìn rẹ̀! Ẹ̀yìn mọ́ bí ojú." Ó wo Ládòkun. "Ẹ̀yin lọkọ wọn, àbí? Ẹ bá wa kí wọn dáadáa. Ẹ sọ fún wọn pé láti ìgbà tí mo ti ń hun wúlù, n ò rí irú ọwọ́ yìí."

Wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Gbogbo ìyìn náà ń kọjá lójú Ládòkun, ó ń lọ bá ẹni tí kò sí. Ó ti yíjú sí ẹnu ọ̀nà tán kí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tó dá a dúró: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Èmi ni mo hun ún. Èmi ni mò ń kọ̀wé sí yín láti oṣù mẹ́jọ."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ramlah, ọ̀dọ́bìnrin tó kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, na abẹ́rẹ́ àti wúlù sí i. "Ẹ hun ún ká rí i."

Òtútù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú wúlù àkọ́kọ́ bọ́. Ó mú un padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìka rẹ̀ rántí ara wọn. Kò gbójú sókè títí ó fi hun ìlà márùn-ún. Nígbà tó gbójú sókè, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́.

Àmọ́ obìnrin kan dìde, ó jáde. Kò dìgbà tẹ́nikẹ́ni bá sọ fún Ládòkun kó tó mọ̀ pé Mujeebat ni, ọ̀kan lára ẹgbẹ́ tó ti sọ àṣírí kan fún Ìyá Treasure.

Ládòkun lọ bá a lábẹ́ igi kajú tó wà lẹ́yìnkùlé.

"Obìnrin bíi tèmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ mi fún," Mujeebat ní, kò wojú rẹ̀.

"Mo mọ̀."

"Ta ló tún gbọ́ ọ?"

"Kò sẹ́ni. Ìyàwó mi gan-an ò gbọ́."

Lásìkò òjò ni Mujeebat kọ̀wé sí Ìyá Treasure ní kọ̀rọ̀, pé ọmọ tóun hun ìbọ̀sẹ̀ dè kò dúró, pé òun fẹ́ tú ìbọ̀sẹ̀ náà kóun fi wúlù rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn.

"Ẹ ní kí n má tú u," ó ní. "Ẹ ní ẹni tó bá ti hun ìbọ̀sẹ̀ de ọmọ, ìyá ni. Ṣé ìyàwó yín ló sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó kọ ọ́?"

"Èmi ni mo sọ ọ́. Orúkọ ni mo fi parọ́, mà. N ò fi ìyókù parọ́. Ẹ forí jì mí."

Mujeebat fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú. "Inú ń bí mi sí yín."

"Ó yẹ kó bí yín."

Mujeebat tún ìborùn rẹ̀ wé. "N ò tú u," ó ní, ó sì wọlé.

Nígbà tí Ládòkun padà sínú ilé, wọ́n ti tẹ́ àwọn ègé sílẹ̀ lórí ẹní. Mujeebat ni wọ́n ti yàn pé kó tò ó. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ó mú ègé Ládòkun, ó wò ó pẹ́, ó sì gbé e sí àárín gbùngbùn. Ó gbé tirẹ̀ tì í. Lẹ́yìn náà ó na abẹ́rẹ́ ìránṣọ sí i.

"Bàbá Treasure, ẹ bá mi rán ẹ̀gbẹ́ yìí."

Ìgbà tí oòrùn fi kan àtàrí, búláńkẹ́ẹ̀tì ti di odindi. Wọ́n gbé e sókè, gbogbo wọn di etí rẹ̀ mú. Ìyá Bólúwadúró ń pariwo sí àwọn ará ilé kejì pé, "Ẹ wá wo iṣẹ́ wa! Ẹ wá wo ọwọ́ ọkùnrin Ìgbòho!" Ládòkun kò sorí kodò. Ó na apá rẹ̀ kí etí tó dì mú má bàa lọ sílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, nígbà tó ń padà lọ, ó gbé bàbá àgbẹ̀ kan ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Nígbà tí wọ́n dé Ìgbòho, tí bàbá náà sọ̀ kalẹ̀ níwájú àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró de èrò, ó já fọ́nrán wúlù kan kúrò léjìká Ládòkun.

"Kí lèyí?"

"Wúlù ni, bàbá. Mo máa ń hun ún."

"Ìwọ fúnra rẹ? Ṣé ó ń mówó wọlé?"

"Rárá o. Ó ń dùn mọ́ mi ni."

Bàbá náà wo fọ́nrán náà, ó wo Ládòkun. "Hun fìlà fún mi nígbà náà. Ọyẹ́ yìí ń gé mi létí."

Ládòkun rẹ́rìn-ín, ó wo bí orí bàbá náà ṣe tóbi tó. Ìgbà tí bàbá náà lọ tán, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò ó, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé òun kò tiẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀.