Abẹ́ Ahọ́n Bàbá

Àgbà kì í lanu sílẹ̀ kọ́mọ yẹ̀ ẹ́ wò, àfi bí eyín bá ń ro ó. Eyín kọ́ ló ń ro Màmúdù, mẹkáníìkì ará Mowe. Ẹ́ńjìnì ló já lé e lẹ́sẹ̀ lọ́dún 2004, abẹ́rẹ́ apàrora tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ sì di bárakú. Ẹsẹ̀ san, abẹ́rẹ́ ò lọ. Ó ta irinṣẹ́ tán, ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó. Ìyàwó kẹ́rù, ó ku Kaosarah, ọmọ wọn.

Dókítà kan ní Ifọ̀ ló wá ń fún un ní hóró oògùn kan tí ìjọba ń ṣọ́, láti fi rọ́pò abẹ́rẹ́, tí yóò sì máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù fi ṣẹ̀fẹ̀: "Màmúdù, iná ni wọ́n fi ń paná lọ́hùn-ún ni?"

Kaosarah ni yóò máa fún un ní ẹyọ kan láràárọ̀, kó sì wo abẹ́ ahọ́n rẹ̀ bóyá ó gbé e mì. Bó bá ń kó o pamọ́ láti jẹ ẹ́ pọ̀, ìtọ́jú parí.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kọ́ ni Kaosarah. Ìkúnlẹ̀ ló fi ń gbé oògùn fún bàbá lórí àga. Ẹni tó kúnlẹ̀, àjà ẹnu ló ń wò. Ta ló rí ìsàlẹ̀? Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni Màmúdù fi ọ̀wọ̀ ọmọ rẹ̀ bo olè mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún tí wọ́n padà sí Ifọ̀, dókítà rí i bó ṣe ń gbọ̀n.

"Kaosarah, o ń wo abẹ́ ahọ́n wọn?"

"Mo fi Kùránì búra, sà. Bàámi ò lè tàn mí."

Ọ̀rọ̀ náà gún Màmúdù ju abẹ́rẹ́ lọ. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ṣé kọ́mọ wá máa jìyà ìbúra èké nítorí tòun? Ó kó hóró mẹ́rin jáde nínú àpò, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Kaosarah fa ìbòrí bojú, àfi bíi pé òun ló jalè.

Dókítà mí kanlẹ̀. "Ẹnu yín lẹ fi jẹ́wọ́, bàbá, bí ò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni! A ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ lo tòní níwájú mi."

Kaosarah gbé omi, ó tún kúnlẹ̀.

"Dìde, kóo lè ríran."

"Háà! Kí n dúró lé bàbá mi lórí, sà?"

Màmúdù rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó jókòó sórí símẹ́ńtì, ó na ẹsẹ̀ tí ẹ́ńjìnì já lé síwájú ọmọ rẹ̀. Ó gbé oògùn mì, ó lanu. Kò mọbi tí yóò gbójú sí.

"Ẹ gbé ahọ́n sókè díẹ̀ sí i, Bàámi," ni Kaosarah wí. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó sì pẹ́ kó tó gbójú kúrò.