Ibi tí Búrọ́ṣì Gbà Kọjá

"Ẹ buwọ́ lù ú, Ìyá Ewé Kókò, ká lè máa lọ sílé."

Ọ̀gá ti ìwé èsì ìdánwò síwájú obìnrin tó po ọ̀dà. Òun ló fún un lórúkọ yẹn, nítorí bí omi bá kan ọ̀dà obìnrin náà, ńṣe ló ń yí dànù bíi pé orí ewé kókò ló bọ́ sí. Wọ́n fẹ́ fi kun apá bàálù kí omi má ráyè dúró di yìnyín níbẹ̀. Ogún ìgbà ni wọ́n kùn ún sára irin, tí wọ́n sì dán an wò nínú yàrá òtútù, ogún ìgbà ló yege. Lọ́la ni wọn yóò kun bàálù àkọ́kọ́.

Obìnrin náà mú gègé, ṣùgbọ́n kò kọ nǹkan kan. Ẹ̀rọ yàrá òtútù ń kùn. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí kò lè gbọ́ ìkùn yẹn kó má gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ tó ń wa bàálù. Ọ̀rọ̀ tó bá a sọ kẹ́yìn lórí fóònù ni: "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti fi búrọ́ṣì ha yìnyín kúrò. A ti fẹ́ gbéra. Ẹ má fòyà." Yìnyín tó ṣẹ́ kù ló mú bàálù náà já.

Búrọ́ṣì. Obìnrin náà gbé gègé sílẹ̀.

"Ọ̀gá, àwọn irin tí a dán wò yẹn, ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n?"

"Ọwọ́ kẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ẹ máa gé e lọ́wọ́!"

Òótọ́ ni. Bí ẹyin ló ṣe ń gbé wọn, bẹ́ẹ̀ búrọ́ṣì ni wọ́n fi ń ha apá bàálù.

Ó mú búrọ́ṣì líle tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi ha ọ̀kan nínú àwọn irin náà síwá sẹ́yìn títí apá fi ń ro ó, ó gbé e sínú yàrá òtútù, ó sì fọ́n omi sí i. Lẹ́yìn wákàtí kan, wọ́n gbé e jáde. Gbogbo ara rẹ̀ gbẹ, àfi ibi tí búrọ́ṣì gbà kọjá. Yìnyín lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ típẹ́típẹ́. Ọ̀gá fi èékánná ha á, kò ṣí.

"A ti sọ fáyé pé ó ti yege," ni ọ̀gá wí. "Ìyá, ikú yá ju ẹ̀sín lọ o."

"Ikú ta ni, ọ̀gá?"



Obìnrin náà kọ ọ́ sórí ìwé: ìdánwò kọkànlélógún, kò yege. Ẹ̀rọ náà ṣì ń kùn. Ẹ má fòyà, ni ohùn náà tún wí.

"Ẹ̀rù ń bà mí, àbúrò mi," ló dá a lóhùn, ó sì buwọ́ lù ú nísàlẹ̀ ibi tó kọ kò yege sí.