Aago Ẹ̀gbẹ́ Ibùsùn

Ọkọ mi ló kọ́ ilé wa ní Abraham Adésànyà Estate, ó sì kọ́ ọ bí ẹni tó ń retí ogun. Ó ní ilẹ̀ Àjàh rọ̀, nítorí náà ó kó irin tó pọ̀ sínú dẹ́kìn, ó sì po kọnkéré rẹ̀ le. Ilé náà kò sán rí. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́kì kì í gba inú rẹ̀ kọjá. Bí mo bá ti gun àtẹ̀gùn dé òkè, fóònù mi á dákẹ́.

Kò dùn mí. Láti ìgbà tí a ti sin ọkọ mi, yàrá òkè yẹn ni mò ń wà. Nísàlẹ̀, àwọn èèyàn ń pè mí pé ẹ kú ará fẹ́ra kù, mo sì ń dáhùn pé ẹ ṣeun. Lókè, kò sẹ́ni tó lè pè mí. Àwọn míṣọ́nnárì tó kọ́ wa níwèé kọ́ wa pé kí a máa dáhùn bí wọ́n bá kí wa. Wọn ò kọ́ wa ní ohun tí a ó ṣe bí ìdáhùn bá tán.

Ibà ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó dá mi dùbúlẹ̀ lókè, mi ò sì lè sọ̀ kalẹ̀. Morẹ́nikẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, pè títí láti Oniru níbi tó ń gbé. Nígbà tó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun ló ń lu géètì. Nígbà tó bá mi lórí ibùsùn, kò kí mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, mo rò pé ẹ ti kú."

Mo ní, "Rárá o. Ibà ni."

Nígbà tí ara mi yá, ó sọ èyí tó fẹ́ sọ. "Ọ̀kan nínú méjì, Mọ́mì. Kí nẹ́tíwọ́kì dé yàrá yín kí n lè máa rí ojú yín, tàbí kí ẹ kó wá sọ́dọ̀ mi l'Oniru. Ẹ mú ọ̀kan."

Mi ò fẹ́ lọ sí Oniru, mi ò sì lè sọ ìdí rẹ̀ fún un. Aago kan tí a fi ń bára wa sọ̀rọ̀ wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi. Bàbá rẹ̀ ló fi í síbẹ̀ nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, wáyà kan ló so wọ́n pọ̀ nínú ògiri. Kì í pe ìta. Àwa méjèèjì nìkan ló wà fún. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, ó máa ń pẹ́ nísàlẹ̀ kó tó gun òkè. Aago á dún, màá gbé e.

"Ṣé o ti sùn?"

"Mo ti sùn."

Á rẹ́rìn-ín. Ọ̀nà méjì ni mo máa ń gbà gbọ́ ẹ̀rín náà, láti inú aago àti láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Mo ṣì ń pààrọ̀ bátìrì rẹ̀.

Morẹ́nikẹ́ kọ́kọ́ ra àpótí kékeré kan, ó ní kí n fi í sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, pé yóò gba nẹ́tíwọ́kì láti ìsàlẹ̀, yóò sì ta á sókè. Iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó dé yàrá. Ló bá rán oníṣẹ́ wáyà kan, Fàrídátù, sí mi. Obìnrin tó wé hìjáàbù dúdú ni, ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sínú báàgì tí ọmọ ilé-ìwé ń gbé kọ́rùn, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́ láti géètì.

"Ọmọ Àjàh ni mí o, Mọ́mì. Àwọn ẹbí wa ló ta gbogbo ilẹ̀ ibí. Wọ́n tà á tán, wọ́n jẹ ẹ́ tán, èmi wá ń fa wáyà nínú ilé tí wọ́n kọ́ sórí ẹ̀."

Ó yọ àpótí tí Morẹ́nikẹ́ rà kúrò lójú iná. "Èyí dà bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò gbọ́ iṣẹ́ náà. Kí ló fẹ́ jẹ́? Wáyà lẹ nílò. A ó fà á láti ara ráútà tó ń fún yín ní nẹ́tíwọ́kì nísàlẹ̀ wá sókè, a ó fi àpótí míì sí orí ẹ̀, ìyẹn á máa fọ́n nẹ́tíwọ́kì sínú yàrá yín. Kọnkéré kò lè dá wáyà dúró."

Ó fi ìka lu ògiri, ó wo òkè. "Ta ló kọ́ ilé yìí?"

"Ọkọ mi."

"Ṣé bàálù ni wọ́n fẹ́ gbé sórí ẹ̀ ni?"

Mo ní mi ò rò bẹ́ẹ̀.

Nígbà náà ló rí aago ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ọkọ mi. Ó tú u lára ògiri, ó yọjú wo inú ihò náà, ó sì pàtẹ́wọ́. Páìpù ti wà níbẹ̀, ó lọ tààrà sí yàrá mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti wáyà tuntun, aláwọ̀ búlúù, sínú rẹ̀. Ó wọlé dáadáa, lẹ́yìn náà ó dúró. Ó fà á jáde, ó tún tì í. Ojú ibì kan náà ló dúró sí.

"Nǹkan kan dí i. Páìpù yìí tóóró, wáyà aago yín sì wà nínú ẹ̀, kò gba méjì. Àfi ká so tuntun mọ́ ìdí ti àtijọ́, kí ẹnì kan máa fà á lókè. Bí ti àtijọ́ bá ṣe ń jáde, bẹ́ẹ̀ ni tuntun á máa wọlé."

"Aago náà ńkọ́?"

"Ìyẹn ti parí. Ta ló tún ń lo irú ẹ̀? Ẹ tiẹ̀ lè fún mi, kí Habeeb ọmọ mi fi ṣeré."

"Fi í sílẹ̀," mo ní.

"Mọ́mì?"

"Má fà á. Kó irinṣẹ́ rẹ. Màá sọ fún Morẹ́nikẹ́ pé mò ń bọ̀ l'Oniru."

Mo gun òkè. Orí àtẹ̀gùn ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ mi kò bára mu, nítorí pé bí mo bá lọ sí Oniru, aago náà kò ní bá mi lọ. Ṣùgbọ́n mi ò pa dà. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo sì ń wo ọwọ́ mi.

Aago dún.

Ohùn rẹ̀ kò yí pa dà. Ọwọ́ mi ti gbé e kí n tó ronú. Mo gbé e sétí. Ẹnì kan ń mí níbẹ̀.

"Mọ́mì! Ó ń ṣiṣẹ́ o! Ẹ má bínú, mo ní kí n dá a pa dà sáyè ẹ̀, kí n sì wò ó bóyá mi ò ba nǹkan jẹ́ fún yín. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mo ń gbọ́ ọ."

"Èmi náà ń gbọ́ yín ketekete. Àfi bíi pé ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Mi ò gbé e kalẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, mi ò rò ó pé yóò pè mí. Mi ò ya wèrè. Ṣùgbọ́n mò ń pààrọ̀ bátìrì, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀. Aago náà ti wá dún báyìí. Fàrídátù ni.

"Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀, Mọ́mì?"

"Mo wà. So wáyà tuntun náà mọ́ ọn. Èmi ni màá fà á lókè."

Ó gòkè wá, ó tú aago kúrò lára ògiri, ó gbé e lé orí ìrọ̀rí, ó sì fi ìdí wáyà lé mi lọ́wọ́. Ó wá sáré sọ̀ kalẹ̀. Ó dá mi lójú pé téèpù ló ń wé, nítorí mo ń gbọ́ bó ṣe ń ya. Lẹ́yìn náà ó kígbe láti ìsàlẹ̀, "Ẹ máa fà á bọ̀!"

Mo fà á.

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, Mọ́mì! Kì í ṣe ewúrẹ́!"

Wáyà náà ń jáde pẹ̀lú eruku símẹ́ǹtì, ó ń ká ara rẹ̀ jọ síwájú ẹsẹ̀ mi. Lójijì ó há.

"Ẹ dúró! Ẹ má fi agbára sí i. Tó bá já sínú páìpù, ẹ palẹ̀ ẹrù Oniru mọ́ nìyẹn."

Mo dẹ ọwọ́. Mo mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í láti ìsàlẹ̀, torí ó rìn díẹ̀ ní ìka mi. Mo fà á, ó tì í. Mo dúró, ó dúró. Báyìí la ṣe é títí nǹkan kan fi yọ lẹ́nu páìpù, ó wú bí orúnkún. Mo gbé e sọ́wọ́.

Plásítà ni. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ plásítà yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ tí a kó wọlé, mo wá odindi róòlù kan tì nínú báàgì mi. Mo bi ọkọ mi léèrè, ó ní bóyá eku ló gbé e. Wáyà tó rà kò tó. Ó ti sọ fún mi pé ó tó, kò sì fẹ́ kí n mọ̀, ló bá so méjì pọ̀, ó sì fi plásítà mi dì í.

Mo rò pé màá sunkún. Mo dúró de ẹkún náà díẹ̀. Kò wá. Mo bá ń fa wáyà lọ títí mo fi rí téèpù dúdú, lẹ́yìn rẹ̀ wáyà búlúù.

"Ó ti dé!" Mo ní láti pè é lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbọ́. Kò sí aago mọ́.

Nígbà tó gòkè, ó gbé kókó plásítà náà. "Òun ló ti ń dí wa lọ́nà! Ta ló fi plásítà so wáyà, ẹ gbà mí o?"

"Ọkọ mi."

Ẹ̀rín ti dé ẹnu rẹ̀. Ó wò mí, ó gbé e mì. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, Mọ́mì."

"O ṣeun."

Ó kan àpótí funfun kan mọ́ ojú ibi tí aago wà, ó fi ẹnu wáyà sí i, iná rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Ó ní orúkọ àti páswọ́ọ̀dù ti ìsàlẹ̀ náà lòun fún un. "Bí ẹ bá ṣe ń gun òkè, fóònù yín á fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀, á di ti òkè mú. Ẹ ò ní mọ̀gbà tó ṣẹlẹ̀." Nígbà tó ń lọ, kò tún mẹ́nu ba aago fún Habeeb.

Oòrùn ń wọ̀ lọ nígbà tí Morẹ́nikẹ́ pè. Ojú rẹ̀ kún ojú fóònù.

"Mọ́mì, ṣé inú yàrá lẹ wà?"

"Inú yàrá ni."

"Ẹ fi hàn mí."

Mo yí fóònù. Ó rí ibùsùn, ó rí fèrèsé, ó rí àpótí náà àti ọ̀dà tó funfun ju ìyókù lọ yí i ká, níbi tí aago ti bò ó mọ́ oòrùn. Kò béèrè. Wáyà àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀ níbi tó ká ara rẹ̀ jọ sí.

Morẹ́nikẹ́ gbé fóònù rẹ̀ ti nǹkan kan ní kíṣìnì rẹ̀, ó ń gé ẹ̀fọ́. Mo ń gbọ́ ọ̀bẹ lórí pákó. Mo gbé tèmi lé ìrọ̀rí kejì, mo dùbúlẹ̀, mo di ojú mi.

Ọ̀bẹ náà dúró.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ti sùn?"

"Mo ti sùn."

Kò rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé ó yẹ kó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa," ó sì ń gé ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ. Mi ò pa fóònù náà.