Bírò Pupa Ìyá Ìyàwó

Kò-Séwu ni gbogbo ènìyàn ń pe aṣojú ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò yìí, ẹnu ara rẹ̀ ló sì fi sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Bí oníbàárà bá bi í pé, "Ṣé ètò ìlera yìí máa tọ́jú eyín mi?" á ní, "Kò séwu." "Ojú mi ńkọ́?" "Kò séwu." Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ètò pẹ́ńpẹ́ tó ń tà kò ju ibà, ọgbẹ́ àti ọjọ́ méjì lórí ibùsùn ilé ìwòsàn lọ. Kì í ṣe òpùrọ́, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀. "Rárá" ló kàn máa ń há a lọ́fun.

Ẹni tó ń ta irú ọjà yìí kò yẹ kó tà á fún ìyá ìyàwó rẹ̀, àgàgà ìyá tó fi ọdún márùndínlógójì ṣe tíṣà. Ọjọ́ tí Kò-Séwu gbé ìwé àdéhùn lọ bá wọn nílé, ó rò pé wọ́n á kàn buwọ́ lù ú ni. Ìyá wọ awò ojú wọn, wọ́n fa bírò pupa yọ. Wọ́n fa ìlà sábẹ́ gbogbo gbólóhùn tí kò yé wọn, wọ́n kọ ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n sì fún odindi ìwé náà ní máàkì mẹ́ta nínú mẹ́wàá.

"Jókòó, kí o ṣe àtúnṣe."

Ọkọ ọmọ wo ló máa ní òun ò ṣe? Kò-Séwu jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, ó ń dáhùn ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ìyá ti kọ ọ́ pé, "Orúnkún mi ńkọ́?" ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó dára pé, "Kò séwu, mà." Ìyá gbé máàkì náà sókè sí mẹ́jọ, wọ́n sì san owó ètò náà. Inú ọkùnrin yìí dùn débi pé ó sáré lọ sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Lóṣù kẹjọ lẹ́yìn náà, orúnkún ìyá yarí. Dókítà ní àfi iṣẹ́ abẹ, ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò ní kò sí orúnkún nínú ètò. Ìyá ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìdójútòfò, wọ́n sì fi ìwé tí wọ́n máàkì sínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ fèsì pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣèlérí orúnkún, aṣojú ni, kí òfin lọ bá a. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Kò-Séwu rí i pé ìwé àṣẹ tí òun fi ń jẹun ti fẹ́ lọ.

"Ṣé o fẹ́ kí màmá mi máa tiro kiri ni?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ṣé èmi ni kí n wá máa jókòó sílé?"

"Ìwọ ṣì lè dìde tó bá sú ẹ."

Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé. Yàrá náà kéré, fáànù òkè ń ké, alága ìgbìmọ̀ sì jẹ́ obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ fi ìka méjì gbé ìwé náà sókè.

"Ta ló mọ ẹni tó kọ ìdáhùn orúnkún yìí? Kò sí ìbuwọ́lùwé lábẹ́ rẹ̀. Ìyá yìí lè fúnra wọn kọ ọ́."

Ó wá ṣẹ́jú sí Kò-Séwu. Bó bá ti lè sẹ́, ilé-iṣẹ́ á bọ́, òun náà á bọ́, ó ku orúnkún.

"Ọ̀gbẹ́ni," alága ní, "ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

Kò-Séwu la ẹnu. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí "kò séwu" ò lè dáhùn nìyí. Ó wo ìyá. Ìyá ò bínú, wọn ò sì bẹ̀ ẹ́. Wọ́n kàn sọ awò ojú kalẹ̀ sórí imú, wọ́n ń wò ó bí ọmọ tí wọ́n mọ̀ pé ó mọ ìdáhùn. Ojú tì í gan-an.

"Èmi ni, mà. Mi ò sì sọ fún wọn pé kò sí orúnkún nínú ètò náà."

Alága kọjú sí lọ́yà. "Ẹ̀yin lẹ rán an níṣẹ́, ẹ̀yin lẹ máa san owó iṣẹ́ abẹ náà." Ó kọjú sí Kò-Séwu. "Ẹni tó ń ta ètò ìlera tí kò sọ ibi tó mọ, ó jẹ̀bi. Ẹ kó ìwé àṣẹ yín sílẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá yege ìdánwò wa lẹ máa gbà á padà."

Ta ló máa kọ́ ọ fún ìdánwò? Tíṣà wà nílé. Lọ́sàn-án, ìyá á gbé ẹsẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé lé orí àpótí, Kò-Séwu á jókòó níwájú wọn, bírò pupa á máa ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀la, ara rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo máa yege?"

Ìyá ò gbé ojú kúrò lára ìwé tí wọ́n ń máàkì.

"Kò séwu."

Kò-Séwu dúró kí wọ́n sọ èyí tó kù. Wọ́n ṣí ojú ìwé tó kàn, wọ́n ń máàkì lọ.

"Mà," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀."