Wọ́n Ní Kẹ̀kẹ́ Oníná Kì Í Ṣe Eré Ìdárayá

Ẹ jókòó dáadáa, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni já lu ọ̀rọ̀ mi. Ìyábọ̀dé lorúkọ mi, àmọ́ Ìyá Jùwọ́n ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Mo ń ta ìrẹsì, mílíìkì àti ọṣẹ níwájú ilé wa ní Sabon Gari ní Kano níhìn-ín, ọjà Singer ni mo ti ń kó ẹrù. Ẹnu mi mú, mo mọ̀, ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi. Bó bá jẹ́ pé ẹnu mímú ló ń gba ọkọ ẹni là ni, ẹsẹ̀ ọkọ mi ì bá ṣì pé méjì.

Ọlọ́runṣẹ́gun ni ọkọ mi. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ oníke kan ní Bompai, kẹ̀kẹ́ lásán ló ń gùn lọ, òun náà ló ń gùn bọ̀, nínú oòrùn Kano tí kò mojú ẹnìkan. Ara rẹ̀ le koko nígbà náà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó fi kẹ̀kẹ́ náà ta ẹnìkan lọ́rẹ, ó ní ìyà ti tó. Ó wá gbé àga síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ń mu mínírà, ikùn ń yọ síwájú bí ti aboyún. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní, "Ìyábọ̀dé, jẹ́ n gbádùn." Ó gbádùn títí àtọ̀gbẹ fi dé, àrùn ṣúgà tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù.

Ẹ̀rù bà á gan-an. Àrùn yìí kan náà ló mú kí wọ́n gé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílùú Ìlá, ẹ̀gbọ́n náà ò sì pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀. Ó wí fún dókítà lójú mi pé, "Ohunkóhun tí ẹ bá ní kí n ṣe, màá ṣe é. Kí wọ́n ṣáà má gé mi lẹ́sẹ̀." Dókítà náà, ọmọbìnrin kékeré kan tó ń sọ Yorùbá Ìlọrin, ní oògùn nìkan ò tó, àfi kó máa lo ara rẹ̀, àti pé bó bá mọ kẹ̀kẹ́ gùn, kó padà sórí kẹ̀kẹ́.

Bàdírù tó ń ránṣọ ní òdìkejì ilé wa yá a ní kẹ̀kẹ́ tirẹ̀. Hẹ̀n! Ọkọ mi gùn ún lọ, ẹsẹ̀ ló fi rìn bọ̀, ó ń ti kẹ̀kẹ́, ó ń mí gùlegùle, orúnkún ń dùn ún. Ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, kò tún wo ibẹ̀ mọ́. Adìyẹ mi ló wá ń sùn lé e lórí. Nígbà tí Jùwọ́n ọmọ wa tó wà ní Abuja gbọ́, ó fi kẹ̀kẹ́ oníná ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀.

Ẹni tí kò bá rí i rí, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Kẹ̀kẹ́ ni, kì í ṣe ọ̀kadà. Ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń wà á, bí o kò bá wà á, kò ní lọ. Àmọ́ ó ní bátìrì lábẹ́ ìjókòó, bí o bá ti ń wà á, iná á máa bá ọ tì í, bí ìgbà tí ẹnìkan ń fi ọwọ́ tì ọ́ lẹ́yìn. Bọ́tìnì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ń pa iná náà.

Yéè! Ẹ ò rí bí Bàdírù ṣe rẹ́rìn-ín. "Alàgbà," ó ní, "ẹ̀yin jókòó sókè, iná ń bá yín ṣeré ìdárayá. Ara iná ló máa le o, kì í ṣe tiyín!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò fi sọ ọ́ ní Baba mai wuta, bàbá oníná. Bàdírù yìí náà ló sì ń fi sọ́là orí ilé rẹ̀ bá a gba iná sí bátìrì nígbà tí iná ìjọba ò bá sí. Ṣé ẹ mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀? Á bú ẹ, á bá ẹ gbé ẹrù ẹ.

Mo bi dókítà léèrè, nítorí mi ò fẹ́ kí ọkọ mi máa tan ara rẹ̀ jẹ. Ó ní, "Mama, bí àwọn méjì bá jọ rin ọ̀nà kan náà, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lásán á làágùn ju ẹni tó wà lórí oníná lọ, òótọ́ ni. Àmọ́ ẹsẹ̀ Bàbá ṣì ń ṣiṣẹ́, ọkàn wọn ń lù kìkì bó ṣe yẹ. Èyí tí wọ́n ń gùn lójoojúmọ́ sàn ju èyí tí adìyẹ ń sùn lé lọ." Èmi ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ adìyẹ fún un.

Òótọ́ ló sì sọ. Láràárọ̀ ni ọkọ mi ń jáde. Ó ń lọ sí Fagge, ó ń lọ kí àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Bompai, ibi tí kò lè fi kẹ̀kẹ́ Bàdírù dé, ó ń dé ibẹ̀, á tún fi òógùn bọ̀ wálé. Ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wo ṣúgà ń sọ ohun rere fún wa. Ikùn wálẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fojú wò mí bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Mo ní, "Bàbá Jùwọ́n, ẹ rọra o, ọmọ ti tó." Inú mi dùn nígbà náà, mi ò ní purọ́.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí wàhálà ti wá.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, apá Bompai ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà. Ẹni tó bá ti wọ sùtánà, kì í wọ bàtà, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Tẹ́lẹ̀, a daidaita sahu, kẹ̀kẹ́ akérò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, la máa ń wọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀nà tí à ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn ò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ. Àmọ́ nígbà tí kẹ̀kẹ́ oníná dé, ọkọ mi ní òun ò wọ a daidaita mọ́. Inú yàrá ni yóò ti wọ sùtánà, á ká etí rẹ̀ sí ìbàdí, á sì gun kẹ̀kẹ́ láìwọ bàtà. Ibi tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lára kẹ̀kẹ́ yẹn, irin ẹlẹ́yín ni, kí bàtà má baà yọ̀. Bàtà ni wọ́n ṣe é fún, wọn ò ṣe é fún àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ èèyàn.

Mo ní, "Bàbá Jùwọ́n, ẹ fi sùtánà sínú báàgì, ẹ wọ bàtà, ẹ pààrọ̀ nígbà tí ẹ bá débẹ̀."

Ó ní, "Kí àwọn tó ń kọjá máa wò mí ní ìhòòhò lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run?"

Mo ní ó dáa, kó bèèrè lọ́wọ́ Olùṣọ́ ìjọ wa bóyá aláìsàn lè wọ sáńdà dé ẹnu ọ̀nà. Hà! Ojú tó fi wò mí! "Èmi? Èmi tí mo máa ń lé àwọn ọmọdé tó bá gbàgbé sílípáàsì sẹ́sẹ̀ padà? Kí n wá lọ tọrọ àyè láti wọ bàtà?" Mo fi í sílẹ̀. Alágídí lọkọ mi, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n.

Ọyẹ́ dé. Ọyẹ́ Kano, ẹ mọ̀ ọ́n, a máa la àtẹ́lẹsẹ̀ bí ilẹ̀ tí kò rójò. Àrùn ṣúgà sì ti pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ ọkọ mi láìjẹ́ pé àwa mọ̀. Dókítà ti ní kó máa yẹ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lójoojúmọ́. Ó ní òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Nínú ilé, ìbọ̀sẹ̀ ló ń wọ̀ tọ̀sán tòru nítorí òtútù, èmi pàápàá ò rí ẹsẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun mìíràn. Ṣúgà ń gòkè. Oúnjẹ tí mò ń sè ò yí padà, oògùn ò yí padà, kẹ̀kẹ́ ń jáde láràárọ̀, síbẹ̀ ṣúgà ń gòkè. Ọkọ mi ò lè sùn. Bó bá di àárọ̀, á jókòó sí etí ibùsùn, á fi ọwọ́ di orúnkún méjèèjì mú, á ní, "Ìyábọ̀dé, wọ́n á gé mi lẹ́sẹ̀ bí wọ́n ṣe gé ẹ̀gbọ́n mi." Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Bàdírù wá kí i, ó bá a nínú ìbànújẹ́ yìí. Kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Alàgbà, a ti ń fi ṣeré, àmọ́ ó jọ pé òótọ́ ni. Ìrọ̀rùn yẹn ti mọ́ yín lára. Ẹ pa iná rẹ̀, ẹ fi agbára yín wà á." Lójú ọkọ mi, ọ̀rọ̀ gidi nìyí. Lójú tèmi náà. Ta ni kò mọ̀ pé iṣẹ́ ló ń mú ara le?

Ó pa iná. Kẹ̀kẹ́ oníná tí kò ní iná, ẹ̀yin èèyàn mi, ó wúwo ju ọmọlanke tó kún fún sìmẹ́ńtì lọ. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó. Ó dìde lórí ìjókòó, ó fi gbogbo ara tẹ irin ẹlẹ́yín yẹn, apá ọ̀tún, apá òsì, ọrùn rẹ̀ ń le. Bí ṣúgà bá tún gòkè, ọ̀nà tó jìn ju ti àná lọ ló máa gbà. Ó ń sá fún gígé ẹsẹ̀. Gbogbo agbára tó ní ló fi ń sá fún un.

Ọjọ́ Ẹtì kan ló ti ìsìn dé, ó ní ó ń rẹ òun. Tiwátọ́pẹ́ àbíkẹ́yìn wa gbé omi wá kó fi ṣan ẹsẹ̀. Ọmọ yẹn, ó gbọ́ Yorùbá, àmọ́ Hausa ló máa ń fi dáhùn, pàápàá bí ẹ̀rù bá bà á. Mo ń wọn ìrẹsì fún oníbàárà lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ igbe rẹ̀: "Mama! Zo ki ga ƙafar Baba!" pé kí n wá wo ẹsẹ̀ bàbá òun. Mo sáré wọlé. Lábẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún, ihò ni mo bá. Etí rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ ń rùn. Ọkọ mi ń wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ lé lọ́wọ́. Ó ní, "Kò dùn mí. Ìyábọ̀dé, kò dùn mí rárá."

Ní ọsibítù, mi ò jẹ́ kí dókítà jókòó tí mo fi bi í pé ṣé kẹ̀kẹ́ oníná yẹn ni kò jẹ́ kí ṣúgà wálẹ̀. Ó mi orí. Ó ní, "Mama, kẹ̀kẹ́ yẹn ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Egbò tó ń rà ló ń gbé ṣúgà sókè. Nígbà tí Bàbá pa iná, tí wọ́n wá ń fi gbogbo ara wọn tẹ̀ ẹ́, orí egbò ni wọ́n ń tẹ̀." A ti fi ètè sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Ọkọ mi bèèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ọmọ iléèwé, "Bí mo bá tan iná rẹ̀ padà ńkọ́?" Dókítà kọ ojú sí ògiri. Ó ní, "Bàbá, ó ti pẹ́ jù."

Ìsàlẹ̀ orúnkún ni wọ́n ti gé e.

Bàdírù wá, kò lè wọlé. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ó bo ojú, ó ń sọ pé, "Wallahi, mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀." Mo ti múra láti sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i. Nígbà tí mo rí i, mo jókòó tì í, a jọ sunkún.

Olùṣọ́ ìjọ wa dé lọ́jọ́ kejì. Ó gbàdúrà, ó wá bèèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ọkọ mi sọ fún un, ti sùtánà, ti irin ẹlẹ́yín, gbogbo rẹ̀. Olùṣọ́ ní, "Alàgbà, kí ló dé tí ẹ ò bi mí? Ìyá Oyin nínú ìjọ wa náà ní irú àìsàn yìí. Ó bèèrè, mo ní kó máa wọ sáńdà dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ ò rí sáńdà rẹ̀ níbẹ̀ ni?"

"Mo rí i," ọkọ mi ní. "Mo bá a wí." Ó yí ojú sí ògiri. "Ojú ló tì mí láti bèèrè, Olùṣọ́. Mo rò pé ẹ máa ní ìgbàgbọ́ mi ti kéré."

Olùṣọ́ fọwọ́ kan èjìká ọkọ mi, ó jáde. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, gbogbo wa la mọ òwe yìí láti kékeré, ọkọ mi sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Mo mú òróró. Mo ṣí aṣọ kúrò lórí ẹsẹ̀ òsì, èyí tó kù. Mo yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, mo ya ìka kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, mo fi òróró pa á láti gìgísẹ̀ dé àtàǹpàkò, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa kó lè wọlé. Ọkọ mi dùbúlẹ̀, ó ń wo àjà. Ọwọ́ mi ṣì ń tẹ ẹsẹ̀ náà nígbà tó bi mí bóyá mo ti bẹ̀rẹ̀.