Ẹsẹ̀ Aránṣọ Lórí Píánò

Lọ́jọ́ tí ọkùnrin mẹ́rin gbé píánò wọlé, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ò kí ara wọn. Ọdún mọ́kànlá ni ẹ̀gbọ́n ti fi ń ránṣọ nínú yàrá iwájú, ẹnu rẹ̀ sì mú débi pé Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àbúrò rẹ̀ ti fi ọdún mẹ́fà kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní píánò ní ilé-ìwé ńlá kan. Ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ó fẹ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Yàrá iwájú yẹn nìkan ló gba píánò, òun nìkan ló sì ní ilẹ̀kùn síta. Bí kò bá rí i gbà, kò sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan nìyẹn.

Ó ti kọ ètò rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan. Abẹ́rẹ́ sì ti rí ìwé náà.

"Ìyá, ẹ wá gbọ́ o!" Ó fi ìka méjì mú ìwé náà bí ẹni mú òkú èkúté nírù. "'Àwọn ọmọ kéékèèké, Mọ́ńdè àti Wẹ́sidé. Àwọn àgbà, Sátidé. Lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí àwọn òbí wá jókòó gbọ́ orin ọmọ wọn.' Kí wọ́n jókòó síbo? Sórí máṣíìnì mi?"

"Àǹtí mi, ẹ fún mi níwèé mi."

"Màdáámù Tíṣà! Ìwọ tí sùúrù ẹ ò kún ṣíbí!"

Ìyá wọn, tó nilé, bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ariwo yín ti sú mi. Ìwọ Abẹ́rẹ́, jókòó sídìí nǹkan yẹn. Tó bá ti kọ́ ẹ lórin kan kí Sátidé tó parí, yàrá di tirẹ̀, kí máṣíìnì ẹ lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Bí kò bá rí ẹ kọ́, kó dá píánò padà."

Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Àbúrò rí ẹ̀rín náà. Ta ló fẹ́ fi tipátipá kọ́ ẹni tó ti pinnu pé òun ò ní mọ̀?

Lọ́jọ́ kejì, Abẹ́rẹ́ jókòó, ó ń gbá píánò bí ẹni pa ẹ̀fọn. Ìyẹn, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀! Bó ṣe jókòó báyìí, ẹsẹ̀ ọ̀tún wá irin ìsàlẹ̀ kàn, irin tó máa ń mú kí ohùn dún pẹ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ fàkà-fàkà bí ẹni wà lórí máṣíìnì. Ohùn gbogbo ń wọ inú ara wọn bí aṣọ aláró tó ń ṣí sára ara wọn lómi. Òun fúnra rẹ̀ ò sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ń lọ.

Àbúrò bú sẹ́rìn-ín, omi jáde lójú rẹ̀. "Àǹtí mi, ṣé kí n bá yín wá òwú ni?"

Abẹ́rẹ́ pa ìdérí píánò dé gbàà! "Bó o ṣe máa máa fi ọmọ ọlọ́mọ rẹ́rìn-ín nìyẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ ti tú ká kó tó bẹ̀rẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ náà dun àbúrò wọ egungun. Ní ilé-ìwé ńlá yẹn, ọmọbìnrin kan ti sá kúrò nídìí píánò nítorí irú ẹ̀rín tí àbúrò rín yìí, kò sì padà wá mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, àbúrò dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ Abẹ́rẹ́ tó ń ránṣọ, tó ń kọ orin tó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe:

*Òwú mi, má já o,
Ọ̀nà ṣì jìn;
Òwú mi, má já o,
Aṣọ ò tíì pé.*

Bí Ìyá bá ṣi orin yẹn kọ, kódà láti inú balùwẹ̀, Abẹ́rẹ́ á pariwo lé e lórí.

Sátidé dé. Àbúrò jókòó sídìí píánò. Ó kàn lu orin òwú náà, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ba ìlà kejì jẹ́.

"Kò lọ báyẹn!"

"Báwo ló ṣe lọ?"

"Gbé ọwọ́ burúkú ẹ kúrò!" Abẹ́rẹ́ ti jókòó. Ó fi ìka kan wá ohùn àkọ́kọ́, ó wá èkejì. Ẹsẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀, fàkà-fàkà.

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu àbúrò, ó gbé e mì. "Ẹ má dá ẹsẹ̀ dúró, àǹtí mi. Ẹ gbé e kúrò lórí irin, kó máa lu ilẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi tẹ̀ lé orin."

Ẹsẹ̀ ń lu ilẹ̀, ìka ń tẹ̀ lé e. Níbi tí ìka bá ti ṣìnà, Abẹ́rẹ́ á pòṣé, á tún un ṣe. Nígbà tó máa fi lu orin náà já lẹ́ẹ̀mejì, Ìyá ti ń bá a gbè lẹ́nu ọ̀nà.

Abẹ́rẹ́ já ọwọ́ gbà bí ẹni fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù gbígbóná. "Olè! O forin mi mú mi!"

"Ṣé o mọ orin náà lù, àbí o ò mọ̀ ọ́n?" ni Ìyá bi í.

Gbólóhùn kan péré ló kù kí yàrá padà di ti Abẹ́rẹ́. Kí ó sọ pé òun ò mọ orin òun? Ẹnu rẹ̀ kọ̀ ọ́.

"Mo mọ̀ ọ́n."

Ó ká òwú rẹ̀ kúrò, ó fa máṣíìnì. Àbúrò sáré wá di apá kejì mú.

"Má fọwọ́ kàn án!"

Abẹ́rẹ́ nìkan wọ́ ọ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, irin ń ha ilẹ̀ gààrà, èébú ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Àbúrò ti ń na ọwọ́ mọ́ ògiri, ó ń wọn ibi tí píánò máa dúró sí.